Adùn iṣẹ́ àti dídára iṣẹ́: lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi ní Kánádà

Ìlọrin,
Ìpínlẹ̀ Kwara.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Àlàáfíà fún ọ àti gbogbo ará ilé. Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O béèrè pé, nígbà tí iṣẹ́ ìṣirò owó kò dùn mọ́ ọ nínú mọ́, ǹjẹ́ kò ní í hàn lára iṣẹ́ náà? Òfì nìkan ni mo mọ̀, nítorí náà ìdí òfì ni n ó ti dá ọ lóhùn.

Bí mo bá tẹ́ aṣọ ẹtù tí àwọn ọmọ iṣẹ́ wa hun sílẹ̀, tí mo sì fi ọwọ́ tọ etí rẹ̀, n kò lè mọ èyí tí ẹni tó hun ún ń kọrin sí yàtọ̀ sí èyí tó ń ráhùn sí. Ohun tí ọwọ́ mi ń bá ni ibi tí wọ́n ti fa òwú inú ọ̀kọ̀ (igi kékeré tí a fi ń ju òwú sọ́tùn-ún sósì bí a bá ń hunṣọ) jù, nítorí pé aṣọ máa ń sún kì níbẹ̀, bí aránṣọ bá sì ń so ó mọ́ èkejì rẹ̀, ojú ìránṣọ á hunjọ, agbádá olówó ńlá kò sì ní í balẹ̀ lára ẹni tó wọ̀ ọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà fẹ́ràn iṣẹ́ yìí débi pé lílé ni a ń lé e lọ sílé nírọ̀lẹ́. Ọnà rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́, ṣùgbọ́n kò ní sùúrù fún títa òwú, níbi tí ènìyàn ti ń lọ tó ń bọ̀ láàrin èèkàn láìtíì rí ọnà kankan, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni aṣọ ti ń dára tàbí ti ń bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí kò fi pa mọ́ pé nítorí oúnjẹ ni òun ṣe ń hunṣọ, máa ń ka òwú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì kó tó dìde. Tirẹ̀ ni mo máa ń gbé fún oníbàárà tí ojú rẹ̀ bá mú.

N kò sọ pé ìfẹ́ iṣẹ́ kò wúlò o. Àbúrò yìí ló lè tú ohun tó ti ń hun láti àárọ̀ nítorí àléébù tí oníbàárà kò lè rí láéláé, ọwọ́ rẹ̀ náà sì ni àrà tuntun ti ń wá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tìrẹ kò béèrè àrà (a kúkú mọ ibi tí wọ́n ń mú oníṣirò owó tó bá ń dárà lọ). Níwọ̀n ìgbà tí o bá ṣì ń ka owó náà lẹ́ẹ̀kejì, àwọn tó gbà ọ́ síṣẹ́ kò pàdánù nǹkan kan. Ìwọ ni àìdùn náà ń jẹ níyà, ìbéèrè mìíràn sì nìyẹn. Kí ni o fẹ́ máa ṣe dípò rẹ̀? Kọ ìyẹn sí mi.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.