Ẹ jẹ́ kí tíṣà máa jókòó nínú kíláàsì tíṣà ẹgbẹ́ ẹ̀

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn tí ẹ ń gbé jáde fún wa. Mo ka lẹ́tà tí bàbá kan kọ sí yín lórí ọ̀rọ̀ àwọn tíṣà ìjọba ní Òṣogbo níbí, níbi tí wọ́n ti ní àwọn ìsìpẹ́kítọ̀ ò wá síléèwé mọ́ bíi ti ayé àtijọ́, pé ìyẹn ló fà á tí àwọn ọmọ wa ò fi mọ̀wé, pé kí ìjọba da ìsìpẹ́kítọ̀ síta kí wọ́n máa ká àwọn tíṣà mọ́ inú kíláàsì. Tíṣà lèmi náà, Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Ohun tí bàbá yẹn ń wá lèmi náà ń wá, pé kí ẹnì kan máa wo ohun tó ń lọ nínú kíláàsì. Àmọ́ ẹni tó yẹ kó wá wò ó, àti ohun tó yẹ kó wá wò, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ èmi àti bàbá ti yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá wá. Mọ́tò á dúró ní géètì, ọmọ kan á ti sáré lọ sọ, kí àwọn àlejò tó dé ọ́fíìsì gbogbo iléèwé á ti mọ̀. Tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní nǹkan tuntun á yáa padà sórí èyí tó kọ́ wọn lánàá, torí ìyẹn ti yé wọn díẹ̀, wọ́n á lè dáhùn. Wọ́n á wọlé, àwọn ọmọ á dìde kí wọn, wọ́n á béèrè lesson note, wọ́n á béèrè scheme of work, wọ́n á yẹ régísítà wò bóyá a ti máàkì ẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á fi báírò pupa sáìn-ìn, ó parí nìyẹn. Wọ́n lè má lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá níbẹ̀. Mi ò bú wọn o, iléèwé tí wọ́n fẹ́ dé lójúmọ́ kan pọ̀, ìwé tí wọ́n fẹ́ kọ tún wà ní ọ́fíìsì tó ń dúró dè wọ́n. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí wọ́n yẹ̀ wò yẹn, èwo ló sọ fún wa bóyá ọmọ tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn mọ nǹkan tí wọ́n kọ́ ọ?

Àwọn àgbà ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni. Tíṣà tó dúró níwájú ọgọ́ta ọmọ, tó kọjú sí bọ́ọ̀dù tó tún ń yíjú sẹ́yìn, kò lè rí kíláàsì ẹ̀ tán láé, bó ti wù kó mọ iṣẹ́ tó.

Ohun tí mo fojú ara mi rí ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀gbọ́n kan wà tí a jọ ń kọ́ Ìṣirò, wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí tipẹ́ kí n tó gba NCE, àwọn gan-an ni wọ́n pè mí ní sítáàfù rúùmù pé àbúrò, wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì mi lọ́la, má wò mí o, àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn yẹn ni kó o wò, ohun tí wọ́n bá ń ṣe ni kó o kọ sílẹ̀. JSS 1 ni. Ìdá ni wọ́n kọ́ wọn lọ́jọ́ yẹn, bí a ṣe ń ro ìdá kan mọ́ òmíì. Ẹ̀gbọ́n yìí mọ iṣẹ́, ohùn wọn dé ibi gbogbo, bọ́ọ̀dù wọn mọ́ tónítóní, wọ́n fi 1/2 àti 1/5 ṣàlàyé bí 10 ṣe máa wà nísàlẹ̀, wọ́n ní ṣé ó yé yín, gbogbo kíláàsì pariwo pé "Yẹ́sà!" Ọmọkùnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun náà pariwo Yẹ́sà. Wọ́n wá ní kí wọ́n ro 1/3 mọ́ 1/4. Ọmọ yìí ò tiẹ̀ ronú rárá, ó kọ 2/7. Mo rọra bi í pé báwo lo ṣe rí i, ó ní kan pẹ̀lú kan, méjì, mẹ́ta pẹ̀lú mẹ́rin, méje. Mo wo bẹ́ǹṣì yẹn já, àwọn míì náà kọ 2/7. Nígbà tó yá Ẹ̀gbọ́n kọ ìdáhùn sí bọ́ọ̀dù, 7/12, ọmọ yìí fi itọ́ ra ìka ẹ̀, ó pa 2/7 rẹ́, ó kọ 7/12 sórí ẹ̀, nígbà tí ìwé dé iwájú ó gba máàkì ẹ̀ pé.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Tí ìsìpẹ́kítọ̀ bá ṣí ìwé ọmọ yẹn, 7/12 ló máa rí. Tó bá ṣí lesson note Ẹ̀gbọ́n, kò sí àbùkù kankan níbẹ̀. Tó bá bi kíláàsì pé ṣé ó yé yín, Yẹ́sà ló máa gbọ́. 2/7 yẹn ò sí lákọsílẹ̀ níbì kankan láyé àfi nínú bébà tó wà lọ́wọ́ ẹni tó jókòó ti ọmọ náà.

A jókòó sọ ọ́ nígbà bíréèkì, àwa méjèèjì nìkan. Mi ò sọ fún wọn pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò dáa, mo kàn ka ohun tí mo kọ sílẹ̀ fún wọn, àwọn ló dákẹ́ díẹ̀ tí wọ́n ní hẹn, wọ́n ń ro tòkè mọ́ tòkè, ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì wọn ò tún àlàyé ìṣáájú yẹn ṣe rárá. Wọ́n gé bébà tó gùn dọ́gba fún àwọn ọmọ, wọ́n ní kí wọ́n pín ọ̀kan sọ́nà méje kí wọ́n kun méjì nínú ẹ̀, kí wọ́n pín ìkejì sọ́nà mẹ́ta kí wọ́n kun ọ̀kan, kí wọ́n wá fi méjèèjì wé ara wọn. Ni wọ́n bá rí i pé 2/7 kéré sí 1/3! Ariwo ta. Ọmọ kan dìde, ó ní sà, a mú 1/3, a tún ro nǹkan mọ́ ọn, ó wá dín kù, ìyẹn ò lè ṣeé ṣe. Òun fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́. Mo ti gbọ́ àlàyé orí ìdá lóríṣiríṣi láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ni, mi ò gbọ́ èyí tó wọ ọmọ lára tó yẹn, ìgbà tí ẹlòmíì sì bá Ẹ̀gbọ́n rí ibi tọ́rọ̀ wà ni wọ́n tó mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe.

Àwọn ará Japan ti ń ṣe irú nǹkan yìí ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, jugyō kenkyū ni wọ́n ń pè é. Àwọn tíṣà mélòó kan á kórí jọ gbèrò ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, wọ́n á rò ó pé tá a bá béèrè báyìí kí lọmọ máa sọ, ibo ló ti máa ṣì í, lẹ́yìn náà ẹnì kan nínú wọn á lọ kọ́ ọ, àwọn yòókù á dúró ti ògiri pẹ̀lú bébà lọ́wọ́, wọn ò ní gba iṣẹ́ ṣe fún ọmọ, wọ́n á kàn máa kọ ohun tó ń ṣe sílẹ̀. Tíléèwé bá parí wọ́n á jókòó yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á tún un tò, ẹlòmíì á lọ kọ́ ọ ní kíláàsì míì. Ẹ̀kọ́ yẹn ni wọ́n ń yẹ̀ wò, ẹni tó kọ́ ọ kọ́, torí gbogbo wọn ni wọ́n jọ ni ín, kò sẹ́ni tójú máa tì lóun nìkan. Èyí wù mí gidi gan-an.

Ohun tí èèyàn lè wò pọ̀, ó sì dáa kí tíṣà tó ni kíláàsì fúnra ẹ̀ sọ èyí tó fẹ́ kí wọ́n bá òun wò. Ẹ lè ya àwòrán ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan jókòó, kí ẹ máa sàmì sí ọmọ tí tíṣà bá pè, tó bá máa fi parí ẹ máa rí i bóyá iwájú àti àárín nìkan ni àmì pọ̀ sí. Ẹ sì lè fi aago wò ó. Obìnrin kan wà ní Amẹ́ríkà, Mary Budd Rowe, tó fetí sí téèpù ìkọ́ni sáyẹ́ǹsì lóríṣiríṣi, nígbà 1970 síwájú ló gbé e jáde pé tí tíṣà bá béèrè ìbéèrè kì í sábà dúró ju sẹ́kọ́ńdù kan lọ kó tó pe ẹlòmíì tàbí kó dáhùn ẹ̀ fúnra ẹ̀. Ó ní tí wọ́n bá lè fara dà á tó sẹ́kọ́ńdù mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ á gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Èyí tó dùn mí jù nínú ẹ̀ ni pé àwọn ọmọ tí tíṣà ti gbà pé wọn ò mọ̀wé, àwọn ni wọn kì í fún láyè tó pẹ́.

Sẹ́kọ́ńdù mẹ́ta! Ní Òṣogbo níbí gan-an ó yẹ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí Gẹ̀ẹ́sì la fi ń béèrè, ọmọ á kọ́kọ́ gbé e sí Yorùbá nínú orí ẹ̀, á rí ìdáhùn ní Yorùbá, á tún máa wá Gẹ̀ẹ́sì tó máa fi sọ ọ́, kó tó rí i a ti kọjá lọ. Tí ẹ bá jókòó sẹ́yìn ni ẹ máa gbọ́ ọ, iwájú á dákẹ́ rọ́rọ́, ẹ̀yìn á máa fi Yorùbá sọ ìdáhùn tó pé pérépéré fún ara wọn lábẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun nílẹ̀ tiwa. Ní Mọdákẹ́kẹ́ ni, ní 1970, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn tí wọ́n jọ wà ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ pírámárì fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́tọ̀, tí wọ́n sì fi àwọn ọmọ yẹn wé àwọn tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ò kẹ́yìn, wọ́n tún ṣe dáadáa jù wọ́n lọ.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù máa ba àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi. Láti TP ló ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ìgbà tí wọ́n ní kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà lọ fi iṣẹ́ dánra wò níléèwé. Sùpáfáísọ̀ á yọ láti kọ́lẹ́ẹ̀jì, á jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú fọ́ọ̀mù, á fún ọ ní máàkì, á lọ, látìgbà yẹn lẹni tó bá ti jókòó sẹ́yìn kíláàsì ti di ẹni tó wá wá ẹ̀sùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má pa èyí pọ̀ mọ́ promotion, kí wọ́n má pa á pọ̀ mọ́ kúẹ̀rì tàbí tráńsífà. Ohun tí ẹlẹgbẹ́ mi bá rí ní kíláàsì mi, àárín èmi àti ẹ̀ ló yẹ kó wà, kò gbọdọ̀ dé inú fáìlì. Tí ìjọba bá sì fẹ́ díwọ̀n tíṣà, ọ̀tọ̀ nìyẹn, kí wọ́n má fi ojú ẹnì kan ṣe é. Ìwádìí ńlá tí àjọ Bill Gates náwó sí ní Amẹ́ríkà láti 2009, tí nǹkan bí 3,000 tíṣà yọ̀ǹda ara wọn fún, fi hàn pé kí èèyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wo tíṣà ṣeé gbára lé ju kí ẹnì kan ṣoṣo padà wá wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Wọ́n á ní tíṣà ò tó, ta ló máa dúró ti kíláàsì tẹni tó lọ wo tẹlòmíì? Òótọ́ ni, ó sì le ní pírámárì ju sẹ́kọ́ńdírì lọ, torí tíṣà pírámárì ò ní píríọ́ọ̀dù tí ọwọ́ ẹ̀ dilẹ̀. HM lè gba kíláàsì yẹn fún ogójì ìṣẹ́jú, tíṣà làwọn náà. Níbi tí ìyẹn ò bá ti ṣeé ṣe, fóònù wà lọ́wọ́ wa, ẹ gbé e sórí fèrèsé kó kọjú sí àwọn ọmọ, kó ká ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀yin àti ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán lè jọ wò ó tó bá dọ̀sán. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e sórí WhatsApp, ẹ má gbé e sí Facebook, ọmọ ọlọ́mọ ni, tí ẹ bá wò ó tán ẹ pa á rẹ́.

Mò ń bẹ SUBEB, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àti àwọn ọ̀gá wa ní sẹkitéríàtì ìjọba ní Abéré, píríọ́ọ̀dù kan lọ́sẹ̀ tí tíṣà á fi lọ wo kíláàsì ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ni mo ń béèrè, kí wọ́n kọ ọ́ sórí taimutébù bí wọ́n ṣe kọ Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì, torí nǹkan tí ò bá sí lórí taimutébù níléèwé, kò sẹ́ni tó ń ráyè fún un. Kí àwọn ìsìpẹ́kítọ̀ náà tó bá dé iléèwé yan kíláàsì kan, kí wọ́n jókòó síbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí wọ́n fi lesson note sílẹ̀ kí wọ́n wo ìwé ọmọ nígbà tó ń kọ ọ́ lọ́wọ́.

Bàbá tó kọ lẹ́tà yẹn, ẹ má bínú sí mi pé mo ta ko yín, ẹ̀yin gan-an lẹ lè bá wa jà á. Tí wọ́n bá pe ìpàdé PTA, ẹ dìde kí ẹ bi tíṣà ọmọ yín pé tíṣà wo ló wá jókòó sí kíláàsì yín ní sáà yìí, kí lẹ jọ rí, kí lẹ wá yí padà. Ní tiwa níbí, kíláàsì tèmi ló kàn, mo ti sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé àwọn ọmọbìnrin tó wà lápá fèrèsé ni kí wọ́n bá mi wò, mo fẹ́ mọ iye ìgbà tí mò ń pè wọ́n.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà Ìṣirò kan,
Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo.