Ọdún 19 fún ìwé, ọjọ́ 5 fún òfin

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Sima Guang lorúkọ ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọmọ Ṣáínà ni, ọdún 1019 ni wọ́n bí i. Nígbà tó wà ní kékeré, ó fẹ́ bó èso kan tó jọ àsálà, èèpo rẹ̀ kò ṣe é bó. Ìránṣẹ́bìnrin ilé wọn ló fi omi gbígbóná bá a bó o. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin dé, ó bi í pé ta ló bó o, ó ní òun ni. Bàbá rẹ̀ ti ń wò wọ́n, ló bá jágbe mọ́ ọn. Wọ́n ní kò parọ́ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Nígbà tó dàgbà, ọba gbé iṣẹ́ ìtàn ilẹ̀ wọn lé e lọ́wọ́. Ọdún 19 ló fi ṣe é, ìtàn ọdún 1,362, ìdìpọ̀ 294. Igi róbótó ni ìrọ̀rí rẹ̀: bó bá ti yíra padà, igi á yí, oorun á dá, ó di ìdí ìwé. Níbi tí ìtàn méjì bá ti takora, òun àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ á kọ ìdí tí wọ́n fi mú ọ̀kan. Ìyẹn nìkan tó ìdìpọ̀ 30. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fọ́n ọ̀rọ̀ ká lórí WhatsApp kẹ́ ẹ tó kà á dópin, mo mọ̀ yín o. Àmọ́ ibi tí mò ń lọ kọ́ nìyẹn.

Ní 1086, wọ́n fi í ṣe olórí àwọn ìjòyè. Ara rẹ̀ ò yá, ó sì ń kánjú, ló bá ń wó gbogbo ohun tí Wang Anshi, alátakò rẹ̀, gbé kalẹ̀. Òfin kan wà tó jẹ́ káwọn èèyàn máa sanwó dípò kí wọ́n máa fi ara wọn sin ìjọba. Su Shi, tí wọ́n jọ wà lápá kan náà, bẹ̀ ẹ́ pé òfin yẹn ní ire tirẹ̀. Kò gbọ́. Ọjọ́ 5 péré ló fún wọn láti pa á rẹ́. Wọ́n ní bí Su Shi ṣe délé ló ń pariwo pé màlúù ni Sima.

Ó ní sùúrù fún òkú ẹgbẹ̀rún ọdún, kò ní fún alààyè. Èmi náà ṣe é rí. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi mí ṣe alága ẹgbẹ́ kan ni mo fagi lé gbogbo ètò ẹni tó ṣáájú mi, títí kan bó ṣe ń kọ àkọsílẹ̀ owó, tó sàn ju tèmi lọ fíìfíì. Ojú tì mí nígbà tí mo padà sí i.

Cai Jing, tó ń ṣàkóso Kaifeng, olú ìlú wọn nígbà yẹn, ló parí iṣẹ́ ọjọ́ 5 yẹn lákòókò. Sima Guang yìn ín gidigidi. Kí ọdún náà tó parí, Sima Guang ti kú. Nígbà tí agbára wá dọ́wọ́ Cai Jing, ó gbẹ́ orúkọ àwọn 309 tó kà sí oníbàjẹ́ sára òkúta. Ti Sima Guang ló ṣáájú.

Èmi ni,
Bàbá yín.