Ilẹ̀kùn Ṣọ́ọ̀ṣì Kì í Ṣe Igi Ìdáná

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìròyìn yín nípa àwọn ìjọ Àgùdà tó ń wó ilé ìsìn àtijọ́ láwọn ìlú kéékèèké kí wọ́n lè kọ́ èyí tó tóbi. N kò bá ilé tuntun jà. Ṣọ́ọ̀ṣì tí òjò ń rọ̀ sórí pẹpẹ rẹ̀ kò buyì kún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn àti òpó tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára ni mo fẹ́ sọ, àwọn tó jẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n máa ń bá ara wọn bí bíríkìlà bá ti dé. Mo fojú ara mi rí ọ̀kan ní ìjọ tí n kò ní dárúkọ. Ara ògiri ilé ìdáná ni wọ́n fi tì, ikán sì ti jẹ ẹsẹ̀ ẹni mímọ́ kan dé orúnkún. Mo béèrè, ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ ìkọ́lé sì dá mi lóhùn pé: "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó dáadáa, ṣé kò jọ ti àwọn abọ̀rìṣà?"

Ó jọ ọ́, mi ò jiyàn. Ọwọ́ kan náà ló kúkú gbẹ́ méjèèjì.

Ní 1947, àwọn pádírè méjì láti inú SMA, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Àgùdà fún ilẹ̀ Áfíríkà, Fáda Kevin Carroll àti Fáda Sean O'Mahony, dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì, kí àwọn oníṣẹ́ ọnà Yorùbá lè máa ṣe nǹkan ọ̀ṣọ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ìlú kékeré kò ju gbọ̀ngàn gbọọrọ kan lọ: ògiri amọ̀, páànù lórí, pẹpẹ ní ìpẹ̀kun, agogo níta. Lọ́jọ́ iṣẹ́, àwọn ọmọ iléèwé ló ń jókòó síbẹ̀ kọ́ ABD. Ère Màríà tó wà nínú rẹ̀, ọkọ̀ òkun ló gbé e wá láti Yúróòpù, tòun ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ pípọ́n. Kò sí nǹkan kan lára ilé náà tí bàbá àgbà tó wá gbọ́ Mísà lè wò kó ní ọwọ́ àwọn èèyàn òun nìyí.

Bẹ́ẹ̀, Èkìtì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹ wo ààfin: ara ilẹ̀kùn àti òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni iyì rẹ̀ wà. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tó kú ní 1938, ló gbẹ́ ti ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn fáda yìí ń wá kó tó tán nílẹ̀. Wọ́n rí Bándélé, ọmọ Àréògún ará Ọ̀sí, akọni agbẹ́gilére tí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n ní gbogbo agbègbè náà. Kò pẹ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi dé láti Ìlá Ọ̀ràngún, Làmídì Fákẹ́yẹ, tó fi ọdún mẹ́ta kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé. Orúkọ rẹ̀ ti sọ fún yín pé Mùsùlùmí ni. Àwọn fáda náà kò sọ pé kó kọ́kọ́ ṣèrìbọmi kó tó gbẹ́ Jésù. Fún èmi o, ibẹ̀ gan-an ni ìtàn yìí ti dùn jù.

Àwọn ọba tó wá kí Jésù ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù di ọba Yorùbá lọ́wọ́ wọn, tòun ti adé. Ẹni tó ti ń gbé jagunjagun gun ẹṣin nínú ère Ẹ̀pà, èyí tí wọ́n ń gbé sórí jó níbi ọdún ìbílẹ̀, kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ òun bí ọlọ́lá ṣe ń jókòó. Ìlànà àwọn baba wọn náà ni wọ́n tẹ̀ lé: ọnà lílé, ìyẹn gígé igi sí ìrísí ère, lẹ́yìn náà àlétúnlé, tí ẹ̀yà ara ère á ti máa hàn, lẹ́yìn náà dídán, tí ara rẹ̀ á fi jọ̀lọ̀, kó tó wá kan fífín, níbi tí ọ̀bẹ ti ń fa ìlà ojú, irun àti etí aṣọ. Wọ́n tún ń hun aṣọ tí fáda ń wọ̀ ṣe Mísà, àwọn onílẹ̀kẹ̀ náà sì ń ṣe tiwọn. Ọdún méje péré ni ilé iṣẹ́ náà fi wà. Wọ́n tì í ní 1954. Ṣùgbọ́n Làmídì ti lọ gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ilé ìsìn Kátólíìkì ní Yunifásítì Ìbàdàn, nígbà tó sì yá, ó di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ abọ̀rìṣà. Agbẹ́gilére ń gbẹ́ fún babaláwo, ó ń gbẹ́ fún ọba, ó sì ń gbẹ́ ọmọláńgidi fún ọmọdé. Ẹni tó gbé iṣẹ́ náà fún un ló mọ ohun tó fẹ́ fi ère ṣe. Mi ò tíì rí ẹni tó ń bọ ilẹ̀kùn.

Bí àwọn ìgbìmọ̀ ìkọ́lé kò bá gbà mí gbọ́, kí wọ́n gba Ìjọ fúnra rẹ̀ gbọ́. Ìwé tí Àpérò Fátíkánì Kejì, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Àgùdà káàkiri ayé, gbé jáde lórí ìsìn ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá 1963 sọ ní ìpín 123 pé Ìjọ kò mú irú iṣẹ́ ọnà kan ṣoṣo ní tirẹ̀. Ìpín 126 ní kí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ṣọ́ra gidigidi kí ohun iyebíye inú ṣọ́ọ̀ṣì má di títà tàbí kó fọ́n ká, nítorí ọ̀ṣọ́ ilé Ọlọ́run ni. Òfin Ìjọ ti 1983 tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin 1283 ní kí wọ́n kọ gbogbo ohun iyebíye ìjọ sínú ìwé. Òfin 1189 ní ère iyebíye tó wà fún ìbọ̀wọ̀ àwọn olùjọ́sìn kò gbọdọ̀ rí àtúnṣe láìsí ìwé àṣẹ, ẹni tó sì máa fúnni láṣẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀. Bó bá sì di títà tàbí fífi tọrẹ, òfin 1292 ní àṣẹ gbọ́dọ̀ ti Róòmù wá fún ohun tó níye lórí nítorí ọnà tàbí ìtàn. Alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé kò sí nínú àwọn tí òfin náà dárúkọ.

A ṣáà ti pàdánù rí. Ilẹ̀kùn Ọlọ́wẹ̀ láti ààfin Ìkẹ́rẹ́ lọ síbi ìpàtẹ Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, kò sì padà wálé mọ́. Àga ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba ni wọ́n fi dípò rẹ̀ fún Ògògà. Ilẹ̀kùn náà wà ní British Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, títí dòní. Òpó kan láti ààfin kan náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Chicago, ní Amẹ́ríkà. Àwọn òyìnbó yẹn tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n gbé lọ. Àwa ń fi tiwa ti ògiri ilé ìdáná.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò wọ́n. Kí wọ́n tó fi àáké kan ilé àtijọ́, kí wọ́n ya fọ́tò gbogbo igi tí ọnà wà lára rẹ̀, kí wọ́n sọ fún ayàwòrán ilé pé ilẹ̀kùn yìí ló máa wà lẹ́nu ọ̀nà tuntun, kó wọn àyè rẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá sí owó àtúnṣe, kí wọ́n gbé e lé orí bílọ́ọ̀kù nínú yàrá tí kì í jò, kí wọ́n sì kọ̀wé sí bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin náà, Olóòtú, ẹ ní kí àwọn òǹkàwé fi fọ́tò ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ìlú wọn ránṣẹ́ sí yín, pẹ̀lú orúkọ ìlú àti orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n. Tèmi wà nínú àpò lẹ́tà yìí.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ọmọ ìjọ kan ní Adó-Èkìtì