Kàkó kì í halẹ̀ báyẹn

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí síbi tí àwọn tó ń ṣe eré orí tẹlifíṣọ̀n á ti rí i. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo pe àwọn ọmọ-ọmọ mi jọ kí wọ́n wá wo eré tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n fi Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ṣe, ìwé D.O. Fágúnwà tí bàbá mi máa ń kà sí wa létí nídìí àtùpà. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí mo fi dìde kúrò nídìí ẹ̀rọ. Inú ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n pè ní Igbó Irúnmalẹ̀; mo rí wáyà iná lókè orí àwọn ọdẹ. Agbákò, abàmì ẹ̀dá inú igbó tí Fágúnwà fún ní ojú mẹ́rìndínlógún, di ọkùnrin kan tó gbé àpò ìrẹsì wọ̀, tí wọ́n fi ọ̀dà ya ojú sí. Mo kà á, ojú mẹ́fà ni. Mo gbà fún wọn, owó kò sí. Èdè ni n kò lè gbà. Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn, ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ náà, dojú kọ ọ̀tá, Gẹ̀ẹ́sì ló fi halẹ̀! Ìmọ̀dòye tó jẹ́ ọlọ́gbọ́n inú wọn kò pa òwe kan já. Ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wò mí lójú, ó ní: "Bàbá àgbà, ṣé ìwé tí ẹ máa ń yìn náà nìyí?" N kò rí èsì fún un.

Àwọn ọ̀gá tó ń fọwọ́ sí irú eré yìí á ní àìsówó ni. Èló ni wọ́n fẹ́ fi ra ọ̀rọ̀ tó ti wà nínú ìwé láti 1938? Èdè Fágúnwà ni eré náà, wọ́n sì ti sọ ọ́ nù.

Kí wọ́n ṣí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà. Bàbá arúgbó kan ló wá bá òǹkọ̀wé níbi tó jókòó sí, tó ní kó mú kálàmù àti ìwé, kó máa kọ ìtàn òun sílẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ni èrò ń pọ̀ sí i lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ kẹta. Àga méjì ni èyí ń fẹ́, àgbà òṣèré kan tó gbọ́ Yorùbá dénú, akọ̀wé kan, onílù méjì, àti àwọn ará àdúgbò. Kí bàbá fẹnu sọ ìjà òun àti Agbákò, kí ìlù máa gbè é, kí kámẹ́rà máa wo ojú àwọn ọmọdé tó ń gbọ́. Ẹ̀rù Agbákò á bà wá ju ti alápò ìrẹsì lọ. Orí ìtàgé lásán ni Wálé Ògúnyẹmí, òǹkọ̀wé eré, gbé ìrìn àjò àwọn ọdẹ inú ìwé náà sí Òkè Láńgbòdó lọ ní FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, ní 1977.

Kí wọ́n wá olùkọ́ Yorùbá tí yóò máa yẹ ọ̀rọ̀ òṣèré wò pẹ̀lú.

Wọ́n ti ń polówó apá kejì fún ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá a dúró, kí wọ́n tún un ṣe. Ọmọ-ọmọ mi ti ní òun kò wò ó mọ́.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.