Ọmọ Tí Kò Féèlì, Kí Ló Ń Tún Kíláàsì Kà Fún?

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ń ṣeré lacrosse, eré bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọ̀pá alápò àwọ̀n ṣe, ní Baltimore, ní Bowie, ní Columbia àti káàkiri Maryland ní Amẹ́ríkà, mo kí yín. Mo kí àwọn òbí yín náà, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kàn wọ́n ju bó ṣe kàn yín lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ àbúrò mi obìnrin wá kí mi. Ó dọ̀bálẹ̀, mo ní kó dìde, mo bi í pé kíláàsì wo ló wà. Ó ní kẹjọ. Mo ní, "Ṣebí kẹjọ lo wà lésìí?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mò ń tún un kà ni." Àyà mi já. Mo bi í bóyá àìsàn ló ṣe é, àbí ìṣirò ló bá a fínra. Ọmọ rẹ́rìn-ín. Ó ní "A" lòun gbà nínú ìṣirò. Kóòṣì ló ní kóun dúró fún ọdún kan sí i, kóun lè ga, kí èjìká òun lè fẹ̀, kí àwọn yunifásítì tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo òun. Wọ́n yọ ọ́ nílé ìwé ìjọba, wọ́n mú un lọ sí ti aládàáni. Ẹ gbọ́ o: owó gidi ni wọ́n ń san kí ọmọ má baà lọ síwájú.

Bó ṣe jókòó síwájú mi, orúnkún rẹ̀ ń kan abẹ́ tábìlì. Orúnkún yẹn ni mò ń wò.

Èmi náà tún kíláàsì kà rí. Pírámárì 5 ni, lọ́dún 1966. Bàbá mi já bọ́ lórí igi obì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Èmi ni àkọ́bí, mo gbé àdá, mo forí lé oko. Nígbà tí mo fi padà, àwọn ẹgbẹ́ mi ti wà ní pírámárì 6. Bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ni tíṣà fi mí sí, orúnkún mi ò wọ abẹ́ tábìlì, wọ́n ń pè mí ní Bàbá Kíláàsì. Àbúrò ọ̀rẹ́ mi tí mo máa ń gbé kọ́rùn, àwa méjèèjì la jọ ń ka ìwé kan náà. Ìyá mi ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n àràárọ̀ ló ń sìn mí dé ojú ọ̀nà kí wọ́n má baà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún kan péré ni. N ò gbàgbé ẹ̀ dòní. Ohun tí ìyà fi jẹ mí, òun lẹ ń fowó rà fún ọmọ yín?

Ẹ má rò pé mo kórìíra eré yìí. Nígbà tí mo dé Baltimore lọ́dún 1978, Morgan State, yunifásítì àwọn adúláwọ̀ níbẹ̀, ṣì ní ẹgbẹ́ lacrosse, àwọn ọmọ dúdú tí wọ́n ti lu yunifásítì Washington and Lee lọ́dún 1975 nígbà tí ẹnikẹ́ni ò fọkàn sí i. Etí pápá wọn ni mo ti kọ́kọ́ rí ọ̀pá alápò àwọ̀n yẹn. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà kógbá sílé lọ́dún 1981, ó dùn mí. Ìjọba Maryland fúnra rẹ̀ fòfin sọ lacrosse di eré ẹlẹ́gbẹ́ ti ìpínlẹ̀ yìí lọ́dún 2004. Àwọn Haudenosaunee, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ni ín kí òyìnbó tó dé, eré Ẹlẹ́dàá ni wọ́n ń pè é, wọ́n máa ń ṣe é kí ara aláìsàn lè yá. Àwa la wá sọ ọ́ di ohun tí à ń fi ọdún ọmọ rúbọ sí.

Mo mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú ọdún 2017, ọmọ kíláàsì kẹjọ, kẹsàn-án, tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀, ti ń ṣèlérí fún yunifásítì. Ni NCAA, àjọ tó ń darí eré àwọn yunifásítì, bá fòfin dè é pé kóòṣì yunifásítì kò gbọdọ̀ bá ọmọ sọ̀rọ̀ títí di September 1 ní kíláàsì kọkànlá. Wọ́n ṣe é kí ọmọ lè mí. Àwọn òbí wá ní, ó dáa, bó bá jẹ́ kọkànlá ni wọ́n máa wò ó, ẹ jẹ́ kó ti di géńdé kó tó débẹ̀. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Nítorí kí ni? Títí di ọdún 2025, ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ 12.6 péré ni ẹgbẹ́ ọkùnrin kan ní Division I, ìpele tó ga jù lọ nínú eré yunifásítì, láṣẹ láti pín fún ọmọ tó lè lé ní ogójì. Ẹ ṣírò ó. Ní báyìí, yunifásítì tó bá wọnú òfin tuntun lórí sísan owó fún àwọn eléré kò gbọdọ̀ ní ju ọmọ 48 lọ nínú ẹgbẹ́. Owó tẹ́ ẹ san lọ́dún tí ọmọ fi ń ka ohun tó ti mọ̀ ńkọ́? Owó kílọ́ọ̀bù, owó hòtẹ́ẹ̀lì ìgbà ooru ńkọ́? Ẹ dákun! Bí gbogbo yín bá dá ọmọ dúró lọ́dún kan, ta ló wá ju ta lọ? Wọ́n á tún dọ́gba, ọdún á sì ti lọ!

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa wọ ààbò àyà yín, kódà níbi ìdánrawò. Rọ́bà líle ni bọ́ọ̀lù yẹn, bó bá bá ènìyàn láyà, ó lè dá ọkàn dúró. Ààbò náà kò dédé di òfin fún àwọn ọmọkùnrin lọ́dún 2022. Ẹ máa sùn. Nígbà òtútù, ẹ fi ọ̀pá sílẹ̀, ẹ lọ gbá nǹkan mìíràn. Jim Brown, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú football Amẹ́ríkà, ṣe lacrosse àti football pọ̀ ní yunifásítì Syracuse, kò fi ọ̀kan pa ìkejì. Bí wọ́n bá sì ní kẹ́ ẹ tún kíláàsì kà, ẹ bi kóòṣì níwájú òbí yín pé bí orúnkún bá yẹ̀, ta ló máa dá ọdún náà padà. Ẹ bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, àmọ́ ẹ bi í.

Ìwọ ọmọ àbúrò mi, mo mọ̀ pé wàá ka èyí, ìyá rẹ á sì bínú sí mi. Kó bínú. Lọ́jọ́ yẹn, kó o tó lọ, mo bi ọ́ pé kí lẹ̀ ń kọ́. O ní, "Ohun tá a kọ́ lésìí náà ni, sà," o sì ń wolẹ̀. N ò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ náà. Wá ní Sátidé. Mú ọ̀pá rẹ wá bó o bá fẹ́, ṣùgbọ́n mú ìwé ìṣirò kíláàsì kẹsàn-án dání.

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ni.