Orúkọ ta ló wà nínú rìsíìtì ilé?

Sí Olóòtú,

Àwọn ọ̀dọ́ kan ní Àkúrẹ́ níbí rò pé ohun tí wọ́n ń pè ní polyamory kò yàtọ̀ sí ìkóbìnrinjọ àwọn baba wa. Ó yàtọ̀ gan-an. Nínú polyamory, tọkùnrin tobìnrin ló lè ní olólùfẹ́ mìíràn, gbogbo wọn á mọ̀, wọ́n á sì fọwọ́ sí i. Èyí tí wọ́n bá fi pa mọ́, àlè yíyàn lásán ni.

Ilé gbígbé ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ilé olórogún ní àṣà tó ti wà nílẹ̀: ìyálé mọ ipò rẹ̀, ìyàwó mọ tirẹ̀, bí baálé bá sì kú, wọ́n lè pín ogún ní ìdí-igi, ìpín kan fún àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan, bí ìyá kan tilẹ̀ bí ẹyọ kan tí èkejì bí mẹ́fà. Olólùfẹ́ tí wọn kò dána lórí rẹ̀ kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Ó lè máa san ìdajì owó ilé fún ọdún mẹ́rin, kí ẹbí olólùfẹ́ rẹ̀ sì lé e jáde lẹ́yìn ìsìnkú, torí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú rìsíìtì. Ẹ jẹ́ kí orúkọ gbogbo ẹni tó dáwó wọ inú rẹ̀. Bí onílé bá kọ̀, ẹ kọ ìwé tiyín níwájú ẹlẹ́rìí méjì: iye tí oníkálukú san, ẹni tó ni fíríìjì, ẹni tó ni jẹnẹrétọ̀.

Owó ọbẹ̀ ńkọ́? Àlejò tó bá ń sùn ju òru méjì lọ lọ́sẹ̀, kó máa ra nǹkan bọ̀ láti Ọjà Ọba. Ìdí ìkòkò ni ìjà sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ pín ọjọ́ láàárín àwọn olólùfẹ́ yín pẹ̀lú. Ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé ni wọ́n máa ń gbàgbé, torí ojoojúmọ́ lẹ ń rí ara yín. Ṣùgbọ́n aṣọ fífọ̀ àti ilé gbígbá kì í ṣe àkókò ìfẹ́. Ẹ ya ìrọ̀lẹ́ kan sọ́tọ̀ fún un, láìsí fóònù.

Kí gbogbo yín ṣe àyẹ̀wò HIV kí ẹ tó pa kọ́ńdọ̀mù tì. Àyẹ̀wò kíákíá lè má rí àkóràn tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, nítorí náà ẹ tún un ṣe. Ẹni tuntun wọlé? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá ti ṣe ìgbéyàwó kóòtù, kó má dána lórí ẹlòmíràn: kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lójú òfin, ẹ̀wọ̀n sì lè tẹ̀lé e.

Ní ti ilé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí náà pé ẹni tó bá fẹ́ kó jáde á sọ ọ́ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Ọdọọdún là ń san owó ilé níbí, onílé kì í sì dá a padà.

Àwa agbaninímọ̀ràn kan lórí ọ̀rọ̀ ìdílé,
Àkúrẹ́.