Má Ṣe Kánjú Fa Ẹni Tó Já Bọ́ Dìde

Ìtòkú, Abẹ́òkúta.

Àlàmú ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ara tèmi le, aró ló kàn gbà mí lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lórí fóònù kò jẹ́ kí n sùn: pé ẹnì kejì rẹ níbi iṣẹ́ já bọ́ láti orí òrùlé, ẹ fà á dìde, ẹ bu omi sí i lórí, ó sì rẹ́rìn-ín. Mo dúpẹ́ pé ẹ padà gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ohun tí mi ò lè sọ tán lórí fóònù ni mo ń kọ yìí.

Ìwọ ò bá Bàbá Tọ́lá, àbúrò mi, nígbà tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Orí igi máńgòrò ló ti ṣubú. Nígbà tí a débẹ̀, ó lajú sílẹ̀, ó ní òun ò mọ ẹsẹ̀ òun mọ́. Ìfẹ́ la fi gbé e o. Ẹnì kan mú apá, èmi mú ẹsẹ̀, a há a sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà, ó di ọ̀nà Ṣàpọ́n. Gbogbo kòtò tí a bá bọ́ sí, ọrùn rẹ̀ a mì lẹ̀ngẹ̀lẹ̀ngẹ̀. Dókítà bèèrè ẹni tó kọ́kọ́ gbé e. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Bóyá ìṣubú náà ló ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́, bóyá ọwọ́ wa ni, mi ò ní mọ̀ títí láé.

Eegun ẹ̀yìn tí a bí mọ́ni jẹ́ 33, 7 nínú rẹ̀ ló wà lọ́rùn. Okùn kan tó rọ̀ ti inú ọpọlọ wá gba àárín wọn kọjá. Òun ló ń jíṣẹ́ fún ọwọ́, fún ẹsẹ̀, fún ìtọ̀ àti ìgbẹ́. Ibi tó bá ti bàjẹ́, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ló ń kú. Bó bá jẹ́ níbàdí, ẹsẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ lọ́rùn, tọwọ́ tẹsẹ̀ ni, àní èémí pàápàá. Eegun tó ṣẹ́ a máa so. Okùn yẹn kì í sábà so.

Wákàtí 2-2 la fi ń yí Bàbá Tọ́lá lórí ibùsùn. Lóru ọjọ́ kan, gbogbo wa sùn lọ. Ìdí rẹ̀ pọ́n níbì kan, kékeré bíi kọ́bọ̀. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti di ihò. Kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára.

Nítorí náà, ẹni tó bá já bọ́, àyàfi tí iná tàbí ọkọ̀ bá ń bọ̀ wá bá a, má fà á. Kúnlẹ̀ sí ìhà orí rẹ̀, fi ọwọ́ méjèèjì di orí náà mú, ní kó má yíjú. Má fún un lómi mu. Bó bá ń bì, ẹ jùmọ̀ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹní ń yí ìtì igi, kí ọrùn nà tààrà. Bí ẹ óò bá gbé e, orí pákó ni, pákó ò sì wọ́n níbi iṣẹ́ yín.

Ti orí ló ń tan èèyàn jẹ. Ẹ̀jẹ̀ lè máa sun lábẹ́ agbárí kẹ́ni náà ṣì máa tàkúrọ̀sọ. Bó bá ń bì léraléra, tí orí fífọ́ ń le sí i, tó ń tòògbé tí kò ṣeé jí, tí ọmọlójú kan fẹ̀ ju èkejì, tàbí tí omi tó mọ́ ń jáde nímú tàbí létí, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣe òru.

Bí ẹnì kejì rẹ bá padà sẹ́nu iṣẹ́ tó ń gbàgbé nǹkan, tó ń kanra, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é lọ́lẹ, ẹ má sì ní ayé ló ń ṣe é. Ọpọlọ tó farapa ni. Ẹ ní sùúrù fún un.

Mo fi owó ránṣẹ́ sí ọ. Àṣíborí méjì ni kí o fi rà, ọ̀kan tìrẹ, ọ̀kan tirẹ̀.

Bàbá Tọ́lá ní kí n kí ọ. Òun ló ń pè mí yẹn, ó tó àsìkò tí a óò yí i.

Èmi ni,
Ìyá rẹ